Òjò ló ń ba ọkọ̀ onípákó jẹ́ ju odò lọ: ìrírí mi ní etí Odò Ọya

Mo ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò láti ra ọkọ̀ ojú omi onípákó tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, pàápàá ní agbègbè wa láti ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ dé Lọ́kọ́jà, níbi tí ẹni tó ní oko lẹ́bàá odò ti mọ̀ pé ojú omi máa ń yá ju ojú ọ̀nà lọ nígbà òjò. Owó tí mo ná láti fi tún ọkọ̀ tèmi ṣe ju iye tí mo rà á lọ fíìfíì, n kì bá sì ti ná ìdajì rẹ̀ ká ní mo rí ẹni tó sọ fún mi níbi tí ọkọ̀ pákó ti ń jẹrà àti ohun tó ń fà á.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo padà sídìí oko tí bàbá mi fi sílẹ̀, níhà ibi tí ilẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Àgbájà lọ sí odò. Iṣu àti àgbàdo là ń gbìn, ọjà Kpata ní Lọ́kọ́jà la sì ń kó wọn lọ tà. Ní ọdún 2022, nígbà tí omi kún bo ọ̀nà Gánájà, tó sì dí ọ̀nà Àbújá mọ́ àwọn awakọ̀ ní agbègbè Koton-Karfe, mo rí i pé ẹni tí kò ní ọkọ̀ ojú omi ní etídò yóò kàn máa wo irè oko rẹ̀ títí yóò fi rà mọ́ ilẹ̀ ni. Bí omi ṣe fà tán ni wọ́n júwe ọkọ̀ kan fún mi tí ẹni tó ni ín fẹ́ tà. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 30, pákó ìrókò ni ara rẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà búlúù àti funfun kùn ún tinú tòde.

Ohun tí ọ̀dà tuntun bò mọ́lẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wá kó tó sanwó fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lọ wò ó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa dojú kọ, nítorí pé ibẹ̀ ló ń kan omi. A fi ọwọ́ pa á, a fi òòlù kàn án, ó le koko, ó sì ń dún ketekete. Pákó tó ti wà lábẹ́ omi láti ọjọ́ pípẹ́ ló le jù nínú gbogbo ọkọ̀ náà, ìyẹn ló sì tàn wá jẹ. Nínú, wọ́n ti to pákó ìtẹ̀sẹ̀, wọ́n sì kàn án mọ́lẹ̀ gbọn-in, kò sì sí ẹni tó sọ pé kí a ṣí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣí i. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ ṣí i ti sọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ fún yín.

Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ni omi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ó kọ́kọ́ jẹ́ èyí tí ọmọdé lè fi igbá gbọ́n kúrò, lẹ́yìn náà ó di èyí tí ẹnì kan ní láti máa fi garawa gbọ́n láìsinmi láti èbúté dé èbúté. Nígbà tí a wá ṣí pákó ìtẹ̀sẹ̀ náà, sìmẹ́ńtì la bá lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti po sìmẹ́ńtì mọ́ yanrìn, wọ́n sì dà á sáàárín àwọn igi ìhà ọkọ̀, ìyẹn àwọn igi tó dà bí egungun ìhà tí wọ́n kan pákó mọ́, láti iwájú dé àárín, ó nípọn tó ìka mẹ́rin. Mo ti rí irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ mìíràn láti ìgbà náà wá, nítorí náà ó tọ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣe. Ọkọ̀ pákó kì í dúró gan-an lójú omi. Ó ń tẹ̀, ó ń nà, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ìgbì bá ṣe ń gbé e, bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ńtì kò lè tẹ̀, ó kàn máa ń sán ni. Omi yóò gba ojú ibi tó sán wọlé, yóò dúró sáàárín sìmẹ́ńtì àti igi, níbi tí oòrùn kò lè dé, tí afẹ́fẹ́ kò lè fẹ́ sí dáadáa, tí ojú ènìyàn kò sì lè rí. Nígbà tí a fi òòlù àti irin fọ́ ọ kúrò, igi ìhà mẹ́ta ló bá a jáde ní wẹ́wẹ́. Mo fi àtàǹpàkò tẹ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìka mi wọ inú rẹ̀, omi pupa sì sun jáde pẹ̀lú òórùn olú. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi ra ọkọ̀ náà. Mo jókòó sí bèbè odò ní ọ̀sán yẹn, ọ̀rọ̀ kan kò jáde lẹ́nu mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà kò sì bá mi sọ̀rọ̀.

Bí ó ṣe jẹ́ pé igi tó wà nínú odò le, tí èyí tó wà nínú ọkọ̀ sì rà, ni ó gbà mí lákòókò jù láti lóye. Kì í ṣe omi fúnra rẹ̀ ló ń jẹ igi. Ẹ̀yà olú kan ni, tó kéré débi pé ojú kì í rí i nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó sì nílò omi àti afẹ́fẹ́ pa pọ̀ kó tó lè gbèrú. Igi tó gbẹ, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò tó ìdá 20 nínú 100, kò ṣeé jẹ fún un. Igi tí omi kún inú rẹ̀ pátápátá, tó sì wà lábẹ́ omi títí, kò ṣeé jẹ fún un bákan náà, nítorí pé kò rí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Àárín méjèèjì ni ewu wà: ibi tí òjò ń rọ̀ sí tí kò rí ọ̀nà ṣàn lọ, tó ń rin lónìí tó ń gbẹ díẹ̀ lọ́la. Orí igi ìhà wà lára wọn, ẹnu pákó níbi tí wọ́n ti gé e, abẹ́ ìjókòó, ihò ìṣó, àti igun ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni mo fi ń yẹ àwọn ibẹ̀ wò báyìí, n kì í fojú wò wọ́n lásán, nítorí pé ọ̀dà lè dán lójú igi tí inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ní Wàrì gbà mí nímọ̀ràn lórí fóònù pé kí n wá ọ̀dà tí wọ́n fi ń lé kòkòrò tó ń gbẹ́ ihò sínú pákó ọkọ̀. Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ti omi iyọ̀, nítorí pé kòkòrò náà ti jẹ ọkọ̀ onígbòkun àti ọkọ̀ apẹja run lójú òkun kárí ayé. Iyọ̀ yẹn kan náà sì ń dín ìjẹrà tí olú ń fà kù, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akànkọ̀ ayé àtijọ́ fi máa ń da iyọ̀ sáàárín igi ọkọ̀ wọn. Ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, omi tí kò níyọ̀ là ń lò. Kòkòrò ti inú òkun kò sí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n olú rí ibi gbé dáadáa. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí wọ́n bá ṣe fún ọkọ̀ òkun, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó lé e. Ọ̀dà tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ wọ́n púpọ̀, kì bá sì ti ṣe nǹkan kan fún wa.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn la gbé ọkọ̀ náà gun ilẹ̀. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la igi ní Kàbà láti wá igi ìhà àti pákó. Arère ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí, nítorí pé ó fúyẹ́, ó rọrùn láti là, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Igi gidi ni fún iṣẹ́ inú ilé, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rà níbi tí ọ̀rinrin bá wà. Ìrókò tàbí apá ni kí ẹ bèèrè. Bí ẹ bá sì ti rí ìrókò, ẹ wo etí pákó náà dáadáa: ara igi tó sún mọ́ èèpo máa ń funfun, èyí tó wà láàárín ló pọ́n. Èyí tó funfun kò lè dúró de ìjẹrà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ìrókò ni, iye kan náà ni wọ́n sì ń gbà lórí méjèèjì. Mo ní kí wọ́n fi ayùn gé apá funfun náà kúrò lójú mi kí n tó sanwó. Inú ẹni tó ń tà á kò dùn, pákó náà sì dín ní fífẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo gbé dé ilé jẹ́ igi tí mo lè fọkàn tán.

Lẹ́yìn igi, ìṣó ló kàn. Oje kan wà nínú ìrókò àti apá tó máa ń bá irin jà níbi ọ̀rinrin, ẹ ó sì rí i tí ojú pákó dúdú yí orí ìṣó ká. Mo fi ẹ̀mú di ọ̀kan nínú àwọn ìṣó àtijọ́ náà mú, mo sì fà á. Orí rẹ̀ ṣì fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ tó wà nínú igi ti tín-ín-rín bí ọwọ̀ ìgbálẹ̀, ó sì ṣẹ́ kí n tó fà á dé ìdajì. Gbogbo orí ìṣó tí à ń wò lóde tí a rò pé wọ́n di ọkọ̀ mú, púpọ̀ nínú wọn ni kò dì í mú mọ́. A ra ìṣó tí wọ́n fi síǹkì bò, a lu ihò tó kéré ju ìṣó lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí pákó má bàa là, a ki orí rẹ̀ bọnú igi díẹ̀, a sì fi ọ̀dà dúdú dí ojú rẹ̀ kí omi má rí ibẹ̀ gbà wọlé.

Ibi dídí àlàfo ni ìyà ti jẹ wá jù. Ọyẹ́ mú gidigidi lọ́dún náà. Àwọn pákó sún kúrò lára ara wọn débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn wọlé. Káfíńtà tí mo gbà mọ ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì kàn dáadáa, ó sì fi òwú tí wọ́n rẹ sínú ọ̀dà dúdú dí gbogbo ojú àlàfo náà, ó ń fi òòlù gbá a wọlé títí ó fi kún fọ́fọ́. Mo dúró tì í, mo sì ń sọ pé kó tún gbá a sí i. Nígbà tí òjò dé tí a tì í sómi, kò jò rárá, ìdùnnú sì ṣubú layọ̀ fún wa. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, níbi tí a ti ń to iṣu sínú rẹ̀, a gbọ́ ìró kan, pàá! Ọ̀kan nínú àwọn igi ìhà tuntun ti là láti òkè délẹ̀. Pákó ti mu omi, ó ti wú, kò sì rí ibi wú sí, nítorí pé òwú ti gba gbogbo àyè tó yẹ kó wú sí.

Akànkọ̀ Tápà kan tó ti dàgbà, tó ń gbé ní etídò, ni ó bá wa wò ó. Ó fi ọwọ́ tọ ojú àlàfo náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sọ̀rọ̀ títí ó fi dé ìdí ọkọ̀.

“Tísà,” ó ní, “ìgbà tí igi bá gbẹ kọ́ là ń dí i tó báyìí. Ẹ jẹ́ kó mu omi ná, kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ ihò lóòótọ́.”

“Àlàájì, ẹ dákun, kí ló wá kù tí a lè ṣe báyìí?”

“Ẹ yọ òwú yẹn dé ìdajì, kí ẹ wá rì í.”

Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó sọ náà ló ní lọ́kàn. A pààrọ̀ igi ìhà tó là, a yọ òwú náà dé ìdajì, a fa ọkọ̀ lọ sí ibi tí omi kò jìn, a di òkúta sínú àpò, a sì kó wọn sínú rẹ̀ títí omi fi bò ó dé ibi ìjókòó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a kó òkúta kúrò, a gbọ́n omi inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojú àlàfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Omi òde ń tì mí lọ́wọ́ wọlé, ó sì tutù ju èyí tó wà nínú ọkọ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo tún fi ọwọ́ síbẹ̀ kan náà, n kò mọ nǹkan kan tó ń wọlé mọ́. Etí pákó méjèèjì ti sún mọ́ra, wọ́n sì ti fún òwú tó wà láàárín wọn mọ́lẹ̀. Àwọn ibi tó ṣì ń jò lẹ́yìn ìyẹn ni a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, àwọn nìkan la sì dí, wọn kò pọ̀ rárá. Gbogbo owó òwú àti ọ̀dà tí mo ti kọ́kọ́ ná ti wọgbó.

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi ta ko ara wọn, pé omi ló ń mú ọkọ̀ rà, omi yìí kan náà ni mo tún ní kí ẹ fi rì í. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó ń bá odò gbé, ẹ má ṣe jẹ́ kó gbẹ. Òkè àti inú rẹ̀ tó ń gba òjò, ẹ má ṣe jẹ́ kí omi dúró síbẹ̀. Bí a bá gbé e gun ilẹ̀ báyìí, abẹ́ ìbòòji la ń gbé e sí, a ń da àpò tútù bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lóde, iṣẹ́ tó bá gbé e dé ilẹ̀ ni a sì ń yára parí. Bó bá wà lójú omi tí a kò lò ó, a ń fi tapólì bò ó, ṣùgbọ́n a kì í so tapólì náà mọ́ ọn lára. A fi ọparun gbé e ga kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Pákó ìtẹ̀sẹ̀ kò ní ìṣó mọ́, ẹnikẹ́ni lè gbé e kúrò kó wo ìsàlẹ̀, a sì gé ẹ̀bá àwọn igi ìhà ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ kí omi òjò lè máa ṣàn lọ sí ojú kan tí a ti lè gbọ́n ọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì kò gùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló sún mọ́ ikú jù. Alágbára ẹṣin 40 ni èyí tí a ń lò, irú èyí tí a ń po òróró mọ́ epo bẹntiróòlù fún. Lítà òróró 1 sí lítà epo 50 ni ìwé tó bá a wá sọ, ẹ sì tẹ̀ lé ohun tó wà nínú ìwé tiyín. Bí ẹ bá tú òróró inú gíà ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó sì funfun bíi ti ẹni pé wọ́n po wàrà mọ́ ọn, omi ti ń wọ ibẹ̀, rọ́bà tó ń dí i ti gbó. Nígbà tí odò bá fà, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin ọdún, yanrìn máa ń sún mọ́ ojú omi káàkiri níbi tí odò méjèèjì ti pàdé, ẹ́ńjìnì a sì máa fa yanrìn mọ́ omi. Rọ́bà kékeré kan wà nínú ìdí ẹ́ńjìnì tó ń yí, òun ló ń fa omi odò gòkè láti tù ú lára, yanrìn sì ń ha á jẹ títí yóò fi tán. Ẹ máa wo omi tín-ín-rín tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀.

Tiwa ti ń lọ sílẹ̀ láti àárọ̀ lọ́jọ́ tí à ń bọ̀ láti Shintaku, a sì rò pé pàǹtí ló dí i. Ní àárín odò, ẹ́ńjìnì gbóná, ó hàn gooro, ó sì kú. Odò bẹ̀rẹ̀ sí gbé wa lọ sísàlẹ̀. Àbúrò mi obìnrin àti ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún nítorí pé ó rí ojú mi. Ìdákọ̀ró ló yọ wá. A sọ ọ́ sómi, a sì tú okùn rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi gùn ní ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi, nítorí pé okùn kúkúrú yóò kàn máa fa irin náà kiri lórí yanrìn ni, kò ní jẹ́ kó wọlẹ̀. Ọkọ̀ dúró, a sì dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ apẹja kan fi wá fà wá. Rọ́bà tuntun méjì wà nínú àpótí irinṣẹ́ wa nígbà gbogbo báyìí, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì, àjẹ̀ méjì àti ẹ̀wù amúniléfòó fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. A kì í rìn lóru. Àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi abẹ́lé, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́jà, ti ka ìrìn òru léèwọ̀, kùkùté igi tó fara pamọ́ sábẹ́ omi sì tó ìdí fún ẹni tó bá rò pé òfin náà ti le jù.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, a kì í fi ẹrù díẹ̀ gbéra mọ́. Àwa àti àwọn aládùúgbò oko wa ń da ẹrù pọ̀, a sì ń pín owó epo. Ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí ìyẹn sọ wá di ẹni tó ń di ọkọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ìlà ọ̀dà funfun kan wà lára ọkọ̀ lóde, tí omi bá ti kan án, ẹrù tó bá kù yóò dúró de ọjọ́ mìíràn.

Pákó ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnì gbé kọ́ sí ló kù láti pààrọ̀. Ó ṣì le lóde, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ wọ igun òsì rẹ̀ nínú dé ìdajì èékánná, ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, òjò sì ń kó sí igun náà ju ibi yòókù lọ. Mo ti ra igi apá fún un, ó wà lábẹ́ òrùlé, mo fi igi kéékèèké sáàárín òun àti ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Àlàájì ní kí a dúró dìgbà tí ọyẹ́ bá ti lọ kí a tó gé e, a ó sì rẹ ẹ́ sínú odò kí a tó fi ìṣó kàn án.